Ìdọ̀bálẹ̀ Ni Dígí Ọkùnrin: Bí A Ṣe Ń Múra Lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì àti Àárín Èrò

Níbi ìdána ọ̀rẹ́ mi kan ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí. Àwa mẹ́jọ la tẹ̀lé ọkọ ìyàwó wọlé, gbogbo wa nínú gínì aláwọ̀ sánmà, abetí-ajá lórí. Télọ̀ tó rán tèmi ti ní ṣòkòtò tó fún lẹ́sẹ̀ pinpin ló ń lọ lóde, mo sì gbà á gbọ́, torí bí mo ṣe dúró síwájú dígí lọ́jọ́ náà, mo dà bí ẹni tó wà nínú kàlẹ́ńdà. Alága ìjókòó ní, "Ẹ̀yin ọmọkùnrin, àyà á kanlẹ̀ o!" A dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kínní lọ, ẹ̀ẹ̀kejì lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo gbọ́ "fààà!" lẹ́yìn ara mi. Bùbá mi kò gùn tó láti bo nǹkan kan. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́yìn wa ló pariwo pé, "Ẹ fún ọmọ yìí ní ìborùn!" Ìborùn obìnrin ni mo ró mọ́ ìdí jẹ ìrẹsì ọjọ́ náà.

Látìgbà náà ni mi ò ti fọkàn tán dígí mọ́. Nínú dígí, ńṣe lèèyàn ń dúró ṣánṣán. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró ṣánṣán látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Ọkùnrin yóò dọ̀bálẹ̀ kí àgbà, yóò kúnlẹ̀ gbàdúrà, yóò jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìdúpẹ́, yóò gun ọ̀kadà, yóò bẹ̀rẹ̀ he kọ́bọ̀ tó bọ́. Aṣọ tó bo èèyàn lóòró, tó wá tú u síta nígbà tó tẹ̀, kò tíì bo ẹnikẹ́ni.

Mo ti ṣe ọ́ṣà fún ìgbà pípẹ́ nínú ìjọ wa n'Íbàdàn, ẹnu ọ̀nà ni mo sì máa ń dúró. Bí wọ́n bá ti ń wàásù lórí ìmúra, àwọn obìnrin ni gbogbo ojú máa ń yí sí. Gèlè wọn, yẹtí wọn, síkẹ́ẹ̀tì wọn. Àwa ọkùnrin á máa mi orí, "Àmín", bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà kò kàn wá. Ó yà mí lẹ́nu, torí ibi tí Bíbélì ti sọ ọ̀rọ̀ ṣòkòtò gan-an, ọkùnrin ló ń bá wí. Nínú Ẹ́kísódù orí 28, ẹsẹ 42, wọ́n ní kí wọ́n rán ṣòkòtò ọ̀gbọ̀ fún àwọn àlùfáà, láti ìbàdí dé itan, kí ìhòhò wọn má baà hàn. Ní orí 20, ẹsẹ 26, wọ́n tilẹ̀ ní kí wọ́n má ṣe fi àtẹ̀gùn gun pẹpẹ, nítorí ẹni tó bá dúró nísàlẹ̀ lè rí ohun tí kò yẹ kó rí. Ẹ ò rí i pé ìgbà tí èèyàn bá ń rìn, tó ń gùnkè, ni òfin náà ń rò? Kì í ṣe ìgbà tó dúró.

Ìgbésẹ̀ kìíní: alẹ́ Sátidé ni kí ẹ dán an wò

Ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, nígbà tí agogo ti ń lù, tí ìyàwó ti jókòó sínú ọkọ̀. Lálẹ́ Sátidé, ẹ wọ gbogbo rẹ̀, látorí bọ́ksà dórí bàtà, kí ẹ ṣe nǹkan mẹ́rin.

Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń kọrin ìyìn. Bí ṣẹ́ẹ̀tì bá fò jáde nínú ṣòkòtò tí ikùn yọ, ṣẹ́ẹ̀tì yẹn ti kúrú fún yín, ìgbànú kò lè tún un ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí àga tí kò ga, kí ẹ wo iwájú ara yín. Bí aṣọ bá fà mọ́ abẹ́ débi pé kò sí ohun tó kù tí ẹni tó kọjú sí yín kò mọ̀, ó ti fún jù. Ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba ara Olúwa. Níbí ni ṣòkòtò tí kò ga lẹ́yìn ti máa ń tú àṣírí. Ẹ wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kanlẹ̀.

Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn yín nígbà tí ẹ bá ń ṣe é. Ìyàwó mi ló máa ń bá mi wò ó, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Bàbá Ṣadé, mo rí bọ́ksà." Ó tán. Mo bọ́ ọ.

Ẹni tí ó máa ń jó dáadáa lọ́jọ́ ìdúpẹ́, kó fi ijó kún un. Nígbà tí Dáfídì jó níwájú àpótí ẹ̀rí, ẹ̀sùn tí Míkálì aya rẹ̀ fi kàn án nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 6 ni pé ó tú ara rẹ̀ síta lójú àwọn ìránṣẹ́bìnrin. Mi ò dá Dáfídì lẹ́bi, Bíbélì náà kò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀fódì ọ̀gbọ̀ ló wọ̀ jó, àwa tí a ní télọ̀ ládùúgbò kò ní àwáwí.

Ìgbésẹ̀ kejì: lọ́dọ̀ télọ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ nǹkan ti ń bàjẹ́, kì í sì í ṣe ẹ̀bi télọ̀ nígbà gbogbo. Àwa la máa ń ju aṣọ lé e lórí tábìlì, tí a ó ní "Rán an bíi ti ìjọsí," láìrántí pé ara ìjọsí kọ́ ni ara tòní.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí iye aṣọ. Ọ̀pá 4 gínì máa ń tó bùbá àti ṣòkòtò fún ọkùnrin tí kò sanra púpọ̀. Bí agbádá bá wà níbẹ̀, ọ̀pá 10 la máa ń rà. Ẹni tó bá ra ọ̀pá 3 kí owó má baà pọ̀, kí ó mọ̀ pé télọ̀ kò ní dín ọrùn kù, kò ní dín apá kù. Gígùn bùbá àti fífẹ̀ itan ni yóò ti yọ ọ́, ibi méjèèjì tí a nílò rẹ̀ jù lọ nìyẹn.

Ẹ ní kí ó wọn yín ní ìjókòó. Ọ̀pọ̀ télọ̀ ìwòyí kò ṣe é mọ́ àfi tí a bá béèrè. Ẹ jókòó sórí àga onígi tó tẹ́jú, kó gbé téèpù látìbàdí yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ wá sí ojú àga. Ìwọ̀n yẹn, tó bá fi ínṣì 1 lé e, ni yóò jẹ́ kí ṣòkòtò ga dé ibi tó yẹ lẹ́yìn nígbà tí ẹ bá tẹ̀. Ní itan, ẹ jẹ́ kó fi ínṣì 4 ó kéré tán lé ìwọ̀n ara yín yípo. Ẹnu ẹsẹ̀ lè wà ní ínṣì 15 tàbí 16, kò dí oge lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ lè fún díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí àti itan gbọ́dọ̀ mí. Àwọn baba wa tí wọ́n wọ kẹ̀ǹbẹ̀ kò mọ ìṣòro yìí rárá, aṣọ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ débi pé èèyàn lè fi gẹṣin. Àní sóró tó fún lẹ́sẹ̀, òkè ni wọ́n ti ń fún un ní àyè.

Ẹ sọ fún un pé kó rán ojú ẹ̀yìn ṣòkòtò lẹ́ẹ̀mejì, kó sì fi ínṣì 1 aṣọ sílẹ̀ sínú, kó má gé e dànù. Lọ́jọ́ tí ara bá sanra, wọ́n á tú u sí i. Ká ní mo mọ èyí kí n tó lọ sí ìdána yẹn ni.

Bùbá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí bùbá kò gbọ́dọ̀ ga ju ọrùn ọwọ́ yín lọ. Sẹ́nétọ̀ yóò gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dé àárín itan tàbí kó sún mọ́ orúnkún. Ẹ wo ibi tí wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́ náà. Àwọn télọ̀ kan máa ń là á dókè kí aṣọ lè máa fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gun ọ̀kadà lọ sí apá kejì ìlú pẹ̀lú rẹ̀, atẹ́gùn á gbé e kọ́ yín lọ́rùn. Kí ibi tó là má kọjá ojú àpò ṣòkòtò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ohun tó wà lábẹ́

Ẹ gbé aṣọ náà síta sínú oòrùn, kí ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá lè ka ìka yín láti ìta, aṣọ yẹn kò dá wọ̀. Lẹ́ẹ̀sì olójú wínníwínní àti àwọn aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń ṣe báyìí jù. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì olápá sí i lókè, kí ẹ sì wọ bọ́ksà tó dé itan nísàlẹ̀. Lábẹ́ aṣọ funfun, ẹ má wọ bọ́ksà funfun báláú, ńṣe ló máa ń hàn. Èyí tó sún mọ́ àwọ̀ ara yín ni kò ní hàn.

Ẹ̀yin ará Kérúbù àti Séráfù, àti ẹ̀yin ará Sẹ́lẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí jù níbí yìí. Sùtánà funfun lẹ́wà, ó sì bo èèyàn látọrùn dé kókósẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé kò sí ohun tó kù láti wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn ní aago mẹ́wàá àárọ̀, kí oòrùn wà lẹ́yìn yín, kí ẹ ní kí ẹnì kan wò yín láti inú. Ṣòkòtò funfun gígùn ni kí ẹ fi sábẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò sọ fún yín pé ẹ bọ́ bàtà, ẹ ti mọ ìyẹn. Àlejò tó bá ń lọ sí Sẹ́lẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni kó fi èyí sọ́kàn: láti ìgbà tí Wòlíì Oshoffa ti dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́dún 1947, ó ti fi òfin lélẹ̀ nípa ìmúra, aṣọ pupa àti dúdú sì wà lára ohun tí wọn kì í wọ̀. Kó yan àwọ̀ mìíràn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: agbádá

Agbádá ń tan ọkùnrin jẹ. Ó tóbi, ó gbayì, ó sì ṣí sílẹ̀ gbàyàù lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá gbé apá rẹ̀ lé èjìká ti fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ hàn, nítorí náà, kí bùbá tó wà nínú pé, kó mọ́, kó má jẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan. Mo ti rí i. Baba tó gbé agbádá sányán tó ṣeé tà ra ọ̀kadà, síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti pọ́n lábíyá ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀, ẹ kó iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀ kí ẹ tó lọ sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń dìde, ọrùn rẹ̀ á fà yín wálẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ síbi oúnjẹ Olúwa, ẹ má jẹ́ kí apá rẹ̀ máa fẹ́ káàkiri, ife kan péré ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ń gba owó ọrẹ tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn nínú ìsìn, kí ó bọ́ agbádá sílẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá tàbí lórí ọ̀kadà, ẹ ká a, kí ẹ gbé e lé itan. Mo fẹ́ràn agbádá púpọ̀ o, ṣùgbọ́n táyà kò mọ̀yàtọ̀ láàárín ẹtù àti àkísà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: fìlà

Ibi tí fìlà ti ń kúrò lórí ni ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe inú àga. Kọ́ríńtì Kìíní orí 11, ẹsẹ 4 àti 7, ni ṣọ́ọ̀ṣì fi dúró lé èyí, ṣùgbọ́n kò ṣàjèjì sí wa. Ta ló ń dé fìlà wọ iwájú ọba? Ìjòyè gan-an á ṣí fìlà kó tó dọ̀bálẹ̀. Àwọn baba kan á ní òtútù ń mú orí wọn; mo máa ń fi wọ́n sílẹ̀, Ọlọ́run mọ orí olúkúlùkù. Ọmọ ogún ọdún tó dé kápù tó kọ ojú sẹ́yìn ni mo máa ń fi ọwọ́ kàn léjìká. Kí ẹ tó jókòó, ẹ ká fìlà náà, kí ẹ fi í sínú àpò. Bí ẹ bá gbé e lé àga, ẹnì kan á jókòó lé e.

Bí wọ́n bá sì pè yín sí nìkáà tàbí fídáù ní mọ́ṣáláṣí, ọ̀rọ̀ yí padà: fìlà lè wà lórí, bàtà ló máa kúrò lẹ́sẹ̀. Ní ti ara ọkùnrin, àwọn Mùsùlùmí náà ní kó bo láti ìdodo dé orúnkún. Ẹ fi wé ìbàdí dé itan tí Ẹ́kísódù sọ. Nílé tí bàbá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí tí ọmọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ọ̀pọ̀ ilé wa ti rí, ṣòkòtò kan náà lè sin àwọn méjèèjì.

Kóòtù àti táì

Ẹnikẹ́ni má tan yín pé kóòtù ló mọ́ ju bùbá lọ níwájú Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ọkùnrin kan wà n'Ílẹ̀ Èkó tó ń jẹ́ David Brown Vincent, òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Lọ́dún 1894, ó bọ́ orúkọ òyìnbó náà dànù, ó di Mójọlà Àgbébí, aṣọ ilẹ̀ wa ló sì ń wọ̀ gun orí àga ìwàásù. Bí ẹ bá fẹ́ràn kóòtù, ẹ wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Èyí tí a bá rà nínú òkìrìkà, ẹ yọ àmì tí wọ́n rán mọ́ etí apá rẹ̀, kí ẹ sì tú òwú tí wọ́n fi dì í pọ̀ lẹ́yìn. Ẹ sá a lọ́jọ́ méjì gbáko kí òórùn káfọ̀ tó kúrò. Ẹ tú bọ́tìnnì rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Táì kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdí ìgbànú.

Láàárín èrò, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ Ìsinmi

Yorùbá ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, mo sì ń rí i lójoojúmọ́ ní báńkì. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà á kí ẹni tó wọ bùbá tí wọ́n lọ̀ dáadáa ní "Ẹ káàárọ̀ sà," á sì bi ẹlòmíì tó wọ ṣòkòtò péńpé pé, "Kí lo wá ṣe?" Owó ẹni ẹ̀yìn yẹn lè pọ̀ jù.

Àdúgbò gan-an ni àìbìkítà wa ti pọ̀ jù lọ. Ọkùnrin á fi táwẹ̀lì nìkan ró ìdí, á ti yàrá rẹ̀ rìn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá níwájú ìyàwó àwọn ayálégbé mẹ́fà, á lọ dúró nídìí ẹ̀rọ omi, á máa kí ìyá àgbà "Ẹ káàárọ̀ mà" pẹ̀lú ọwọ́ kan tó fi di táwẹ̀lì mú. Báwo ló ṣe fẹ́ dọ̀bálẹ̀? Ẹ kan ìṣó sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá yín, kí ẹ fi jálàbíà kan kọ́ ọ. Kí ó máa gbé níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá kànkùn, tàbí tí ẹ bá fẹ́ jáde lọ pọn omi, òun ni kí ẹ gbé wọ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára tíṣáàtì kí ẹ tó rà á. Mo mọ baba kan, ẹni ọ̀wọ̀ ni, tó wọ tíṣáàtì òkìrìkà kan lọ sí ìpàdé àdúgbò, ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe ni wọ́n fi òyìnbó kọ gàdàgbà sí i láyà. Àwọn ọmọ iléèwé ló sọ fún un nígbà tó ń bọ̀.

Ní ti ṣòkòtò tí wọ́n fi kọ́ ààbọ̀ ìdí, mi ò ní púpọ̀ láti sọ. Ẹ fi ìgbànú dè é. Jíǹsì tó ya lórúnkún kò yẹ ṣọ́ọ̀ṣì, kò yẹ ọ́fíìsì, kò sì yẹ ilé àna. Ṣùgbọ́n pé ọmọ kan wọ̀ ọ́ kò sọ ọ́ di ọmọ yahoo, ó sì ń bí mi nínú tí wọ́n bá ń fi aṣọ nìkan dá ọmọ ọlọ́mọ dúró lójú títì.

Òórùn dídùn: ẹ fín in sára kí ẹ tó wọ aṣọ, ẹ̀ẹ̀mejì ti tó. Ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín náà fẹ́ mí.

Bí ẹlòmíì bá wá láìmúra dáadáa

Mo fi èyí kún un fún àwọn tó ń ṣe ọ́ṣà bíi tèmi, àti fún àwọn àgbà ìjọ. Ẹ má dá a padà. Ẹ má sì bá a wí lójú èrò. Nínú Jákọ́bù orí 2, ẹni tó wọ aṣọ dáradára ni wọ́n fún ní ìjókòó, wọ́n ní kí tálákà dúró, ìbáwí ni ìyẹn sì mú wá fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó wọ ohun tí kò yẹ, aṣọ kan ṣoṣo tó mọ́ nílé ló wọ̀ wá.

Ohun tí mo máa ń ṣe nìyí. Mo máa ń kí i tẹ̀rín-tẹ̀rín, màá mú un lọ sí àga tó wà lápá ẹ̀yìn, màá rọra sọ fún un létí pé, "Àbúrò, fa ṣòkòtò ẹ sókè díẹ̀, ṣé o gbọ́?" Ó máa ń ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀ọ̀dá, ó ti ya ni." Bí ó bá ti ya lóòótọ́, a máa jọ bọ́ sí yàrá ẹ̀yìn. Píìnì máa ń wà lápò mi, méjì ńlá, mẹ́ta kékeré, àti abẹ́rẹ́ pẹ̀lú òwú dúdú. Ìborùn kan wà nínú dúrọ́ọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ró o mọ́ ìdí kì í bi mí léèrè bí mo ṣe mọ̀ pé a máa nílò rẹ̀.